Ààlè Tí Láògún Pa Sí Ọgbà Àwọn Ọmọ

"Ilá ti tó ká. Pe àwọn ọmọ."

Gbólóhùn ìkẹyìn tí Adúnbárìn sọ fún Láògún ọkọ rẹ̀ nìyẹn, kí ikú, olóko ńlá tí kì í dúró de ìgbà ìkórè, tó fà á tu. Ẹ̀yin tí ẹ fetí sí mi, mo kí yín kú ìfarabalẹ̀. Ẹ fa ọmọ yín mọ́ra, nítorí ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ yìí ń gbà lọ ṣókùnkùn, ohun ìyanu tó wà níbẹ̀ sì ju ohun tí ojú ń rí lójoojúmọ́ lọ.

Olùkọ́ ni Adúnbárìn ní ilé ẹ̀kọ́ Ìdí-Àfọ̀n. Ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́ náà ló ti kọ́ àwọn ọmọ ní ebè kíkọ, tó kọ́ wọn bí a ti ń mọ gbúre yàtọ̀ sí èpò, tó sì sọ ọgbà náà di abọ́ ńlá tí gbogbo àdúgbò ń bù jẹ: opó ń já ẹ̀fọ́ níbẹ̀, arúgbó ń wa ẹ̀gẹ́, ẹnikẹ́ni kì í bi wọ́n léèrè. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹjọ lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀, Láògún gbọ́ ẹ̀rín nínú ọgbà. Àwọn ọmọ ló ń lé tata. Ẹ̀rín náà gún un bí ẹ̀gún ọ̀pẹ. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran; ẹkún Láògún dí i lójú pátápátá. Ó ya etí ìró Adúnbárìn, ó so ó mọ́ ìkarahun ìgbín àti òòyà tó kán, ó gbé e kọ́ ẹnu ọ̀nà ọgbà: ó pààlè, àmì ègún tí olóko fi ń dẹ́rù ba olè.

Ìyá Awẹ́ró, aládùúgbò rẹ̀, ká ọwọ́ lérí. "Láògún, ìkarahun nìkan ti tó o! Ta ló ń fi aṣọ òkú pààlè? Ìyàwó rẹ lo fẹ́ fi ṣọ́ ẹ̀fọ́?"

"Ẹ jẹ́ kó ṣọ́ ọ, Ìyá. Ẹ máa lọ ra ẹ̀fọ́ lọ́jà."

"Ọ̀fọ̀ ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ. N kò bá ọ jà."

Kí oòrùn ọjọ́ kẹta tó wọ̀, ewé ọgbà ti dúdú bí èédú, ilẹ̀ rẹ̀ ti le bí àpáta, àwọn ọmọ sì ń lọ sílé pẹ̀lú ikùn òfìfo. Ẹyẹ kan tó ní ojú ènìyàn bà sórí òrùlé Láògún, ó ní: "Ààlè rẹ ti gbé ẹ̀mí ọgbà lọ sí Igbó Awun. Bí ìwọ tó pa á kò bá fi ọwọ́ ara rẹ tú u kí ọjọ́ méje tó pé, ilẹ̀ náà kò ní hu nǹkan mọ́ láéláé."

Láògún gbéra. Ó wọ Igbó Awun, níbi tí ewé igi ti di ìkúùkù, tí èso ti ń gbé ara rẹ̀ mì kí ẹyẹ má baà jẹ ẹ́, tí odò sì ń ṣàn padà sí orísun rẹ̀ nítorí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mu òun. Ní àárín igbó náà ni Dìímú-Májọ̀wọ́ jókòó sí, iwin ọlọ́wọ́ mẹ́rìndínlógún, gbogbo ọwọ́ náà dì pinpin.

"Ọ̀gá mi dé!" Iwin náà bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé iṣẹ́ tí ẹ fi ààlè rán mi kò dára ni? Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò jẹ ẹyọ ewé kan."

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Adúnbárìn dúró sí, tí a fi etí ìró rẹ̀ dè é lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ wà lára ọkọ rẹ̀.

"Ààlè yín ló dè é yìí. Ẹ tú u," ni iwin náà wí, "ọgbà á hù, obìnrin yìí á sì lọ pátápátá. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ óò máa wò ó títí ẹ ó fi kú. Ẹ̀yin lẹ mọ̀."

Láògún jókòó síwájú ìyàwó rẹ̀, ó ń wò ó, títí ọjọ́ kẹfà fi lọ tí ọjọ́ keje sì mọ́. Nígbà náà ló rí i pé etí ìró náà ti bó ọrùn ọwọ́ obìnrin náà. Ó tú u. Ọwọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, Adúnbárìn kò sì sí níbẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹni tó bá sọ òkú rẹ̀ di ẹ̀ṣọ́, ẹlẹ́wọ̀n ló sọ ọ́ dà. Ohun tí olóògbé fi bọ́ alààyè, ẹ má fi ebi pa alààyè nítorí rẹ̀.

Ọgbà Ìdí-Àfọ̀n ti hù. Láògún kò tí ì kó sálúbàtà Adúnbárìn kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Kò tí ì bẹ Ìyá Awẹ́ró. Kò tí ì mọ orúkọ àwọn ọmọ náà. Kò tí ì fi ẹnu kan ohunkóhun tó ti inú ọgbà náà wá.