Àwo Ìwẹ̀ Ọmọ ní Pálọ̀ Olóyè

Ìtàn yìí kò rìn jìnnà, pálọ̀ Olóyè Akíntáyọ̀ ló jókòó sí, níbi tí ìkòkò bàbà àtijọ́ ti kún ara ògiri bí ẹni pé ẹnì kan ń fi wọ́n se ọbẹ̀. Olóyè pe Àwẹ̀ró opó, ó ní kó gbé àwo bàbà tí wọ́n fi ń wẹ ọmọ tuntun ìdílé wọn wá kí oòrùn tó wọ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó kó kúrò lórí ilẹ̀ òun. Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ mọ iyì rẹ̀, Bàbá, omi làwa kàn ń dà sí i. Àmọ́ àwo ìwẹ̀ ọmọ kì í jáde nílé lófìfo." Olóyè bú sẹ́rìn-ín níwájú àwọn àlejò rẹ̀. "Kó ohun tó bá wù ọ́ sínú rẹ̀, mo ti gbà á!" Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, àwo dé, ìbejì jòjòló ló wà nínú rẹ̀. Ìyá wọn gbé ọṣẹ tẹ̀ lé e, àwọn aboyún ìdílé sì ń béèrè yàrá, nítorí ibi tí àwo bá wà ni wọ́n ń bímọ sí. Táyé tọ̀ sórí àga oyè, Kẹ́hìndé ké títí ìkòkò ara ògiri fi ń dáhùn. Olóyè figbe ta: "Ẹ kó wọn lọ! Ẹ gbé àwo yín, ẹ máa gbé orí ilẹ̀ yín!" Àwọn ìyá gbé ọmọ pọ̀n. Àwẹ̀ró gbé àwo rù, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ìkòkò tó dán jù lọ. "Bàbá, òfìfo ni o." Ìkòkò yẹn ni wọ́n fi ń gbé omi ìwẹ̀ kaná nílé Àwẹ̀ró báyìí. Ẹ má ṣàánú Olóyè o, ìṣó rẹ̀ ṣì wà lára ògiri.