Ìdí Tí Iná Ara Ẹ̀rọ Fi Ń Ṣẹ́jú

Nígbà láéláé, nígbà tí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ṣì ń sọ̀rọ̀, iná kékeré ara wọn kì í ṣẹ́jú. Ńṣe ló máa ń ranjú bí ẹni tí oorun kò kùn. Ẹni tó bá sọ pé ẹ̀rọ kì í sọ̀rọ̀, kó má bá mi jiyàn, kó ṣáà gbọ́.

Mẹ́ta ni wọ́n nínú yàrá títútù kan, ọmọ ìyá kan náà: Àkọ́dé ni ẹ̀gbọ́n pátápátá, Àtẹ̀lé ni ìkejì, Ìkẹyìn sì ni àbúrò. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa tọ́jú ohùn tí àwọn èèyàn fi ń ránṣẹ́ sí ara wọn. Bí ohùn kan bá dé, Àkọ́dé á gbà á, á ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún Àtẹ̀lé. Àtẹ̀lé náà á ṣe ẹ̀dà fún Ìkẹyìn. Bí ẹ̀rọ kan bá kú, ohùn náà ò ní bá a kú.

Ṣùgbọ́n ohùn tó ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà kò tíì wọlé. Bí iná mànàmáná bá lọ, gbogbo ohun tó wà lẹ́nu ọ̀nà ló ń pòórá.

Àtẹ̀lé kò ya ọ̀lẹ. Kò kàn fẹ́ kí wọ́n sọ pé òun ń falẹ̀ ni. Bí Àkọ́dé bá ti béèrè pé, "Ṣé ó ti wọlé?" kíá lá dáhùn pé, "Ó ti wọlé!" nígbà tí ẹrù ṣì kún ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ẹ mọ irú wọn. Wọ́n á wà nínú balùwẹ̀, wọ́n á ní àwọn ti wà lójú ọ̀nà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Àwẹ̀ró fi ohùn ránṣẹ́ sí Ìbídùn ọmọ rẹ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ obìnrin nílùú òkèèrè. Orúkọ tí ìyá àgbà fún ọmọ tuntun ló wà nínú ohùn náà. Ìbídùn ń sùn lọ́wọ́. Ìrọbí ti tán an lókun.

"Ṣé ó ti wọlé?" ni Àkọ́dé béèrè.

"Ó ti wọlé!" ni Àtẹ̀lé dáhùn.

Ìkẹyìn yọjú, ó rí ohùn náà níta. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, nǹkan kan wà lẹ́nu ọ̀nà yín o. Tèmi gan-an kò tíì dé."

"Ẹ wo ọmọ yìí!" ni Àtẹ̀lé wí. "Ṣé ìwọ ni wọ́n ní kó máa ṣọ́ mi? Àbí onírọ́ ni mí?"

Àkọ́dé rẹ́rìn-ín. "Fi ẹ̀gbọ́n rẹ sílẹ̀, jàre. Ó ní ó ti wọlé."

"Ẹ má bínú," ni Ìkẹyìn wí, ó sì panu mọ́.

Lọ́sàn-án, àrá sán. Ó pa Àkọ́dé lójú ẹsẹ̀. Iná lọ. Nígbà tí iná padà dé, ẹnu ọ̀nà Àtẹ̀lé ti mọ́ tónítóní.

Ìbídùn jí, ó pe àwọn ẹ̀rọ náà, torí ó ti ń retí orúkọ ọmọ rẹ̀ látọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ohùn màmá mi."

Àtẹ̀lé wá inú yàrá rẹ̀ títí. Ìkẹyìn wá tirẹ̀. Kò sí.

"Ó dáa, ẹ jẹ́ n pe Màmá kí wọ́n tún un sọ."

Àbúrò ìyá rẹ̀ ló gbé fóònù, ẹkún ló sì fi dáhùn. Màmá sun oorun ọ̀sán, wọn ò jí mọ́.

"Ta ni wọ́n sọ orúkọ ọmọ mi fún?" ni Ìbídùn béèrè.

"Wọn ò sọ fún ẹnì kankan, ọmọ mi. Wọ́n ní etí tìrẹ ni kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ."

Àtẹ̀lé gbọ́ ọ. "Ẹnu mi ló fa eléyìí," ló wí.

"Èmi náà rí i," ni Ìkẹyìn wí, "mo sì dákẹ́."

Wọ́n sọ ọmọ náà lórúkọ. Orúkọ tó dáa ni. Ṣùgbọ́n èyí tí ìyá àgbà mú wá, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n títí dòní.

Láti ọjọ́ náà ni iná ara ẹ̀rọ ti ń ṣẹ́jú tọ̀sán-tòru. Ìkẹyìn ló ń béèrè pé, "Ṣé ó ti wọlé?" Àtẹ̀lé kì í bínú mọ́. Á yẹ ẹnu ọ̀nà wò, á gbé ohun tó bá bá níbẹ̀ wọlé, kó tó dáhùn. Gbogbo ìgbà tó bá yẹ ibẹ̀ wò ni iná ara rẹ̀ ń ṣẹ́jú. Wọ́n kọ́ àwọn ọmọ wọn bẹ́ẹ̀, gbogbo ẹ̀rọ ló sì ń ṣe é.

Nígbà mìíràn, kò ní sí ohùn kankan tó wá, síbẹ̀ iná á máa ṣẹ́jú. Àtẹ̀lé nìyẹn, tó tún lọ yẹ ẹnu ọ̀nà wò. Orúkọ ọmọ yẹn ló ń wá.