Ọsàn Wẹ́wẹ́ Lára Fàdákà

Bàbá Oyèkànmí, olùkọ́ ìjọ kan ní Ìkìrun, ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí. Ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù Kẹwàá ọdún 1984 ni, lẹ́yìn ìsìn àárọ̀. Ẹni tó sọ ọ́ fún ni ọkọ ìyàwó kan tí kò tíì pé ọdún kan tó gbéyàwó, tó wá fẹjọ́ sùn pé ẹnu ìyàwó òun ti mú jù, pé kò sí ohun tí òun dáwọ́ lé tí kì í bi òun ní ìbéèrè lé lórí. Bàbá gbọ́ ẹjọ́ náà dé òpin. Kò dá a. Ó ní kí ọkùnrin náà fa àga mọ́ra, ó sì bẹ̀rẹ̀ báyìí.

Ọkùnrin kan wà tó ń ṣiṣẹ́ bíríkìlà. Ó ti kọ́ ilé fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n inú yàrá kan tó háyà ni òun àti ìdílé rẹ̀ ń gbé. Kì í ṣe pé kò ní ilé tirẹ̀ rárá. Ó ti ra ilẹ̀, ó sì ti mọ ògiri kọjá orí fèrèsé. Amọ̀ ló fi mọ ọ́, nítorí agbára rẹ̀ kò ká sìmẹ́ǹtì. Paanu ni kò sí. Òjò ọdún kan ti rọ̀ sí ògiri náà, igun kan sì ti wó lulẹ̀. Bí òjò mìíràn bá tún bá a láìní òrùlé, àfi kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀.

Àwọn bíríkìlà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọn á ní, "Ọ̀gá, ilé yín yẹn mà tura o. Ẹni tó bá dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ojú ọ̀run gan-an ni yóò máa wò." Òun náà a bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó ń dùn ún, ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín.

Ohun kan wà tí ọkùnrin yìí fẹ́ràn, fàdákà ni. Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Wọ́n ń wó ilé àtijọ́ kan, ó sì rí ṣílè kan nínú erùpẹ̀ ilẹ̀ yàrá, irú ṣílè ayé òyìnbó tí wọ́n ya igi ọ̀pẹ sí lára. Ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Onílé wò ó, ó ní, "Máa mú un lọ. Kí ni mo fẹ́ fi ṣe?" Bíríkìlà dúpẹ́, ó fi sápò.

Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ kan tó ń fi fàdákà rọ òrùka. Alágbẹ̀dẹ ní fàdákà gidi ni. Ó ní àwọn kan wà ní Ìbàdàn tó ń kó irú owó bẹ́ẹ̀ jọ, tí wọn yóò san owó tó ju ìwọ̀n fàdákà inú rẹ̀ lọ. Ó ní ohun kan ṣoṣo ni kò gbọ́dọ̀ ṣe.

"Má fọ̀ ọ́ o. Dúdú tó dú yẹn ni ọjọ́ orí rẹ̀. Tí o bá ti ha á kúrò, o ti sọ àgbàlagbà di ọmọ àná."

Ìmọ̀ràn yìí dára, òótọ́ sì ni. Bíríkìlà gbà á, ó sì pa á mọ́.

Láti ìgbà náà ló ti ń kó wọn jọ. Kò ní owó tó lè fi rà wọ́n lọ́pọ̀. Ó fi obì sílẹ̀, ó fi ẹmu ìrọ̀lẹ́ sílẹ̀. Ohun tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn oúnjẹ ilé, owó ilé ìwé àti èésú tó ń dá nítorí paanu ló fi ń ra ẹyọ kan. Ọwọ́ àwọn ìyá arúgbó ló ti ń rà á, àwọn tí wọ́n ní in ní ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ, tí wọn kò rántí ẹni tó fún wọn mọ́. Ìgbà mìíràn, oṣù á lọ, oṣù á bọ̀, kò ní rí ẹyọ kan rà. Kò jẹ́ kí ìyẹn bí òun nínú. Bí ó bá rí òmíràn, a jókòó sẹ́nu ọ̀nà, a máa yí i lọ́wọ́, a ní, "Olúwa, mo dúpẹ́ èyí náà." Inú agolo bisikíìtì kan lábẹ́ ibùsùn ló ń kó wọn sí.

Nígbà tó yá, ọkùnrin kan tó ń ta owó àtijọ́ kiri gbọ́ nípa rẹ̀, ó sì wá a wá sílé. Ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ta ṣílè mẹ́ta fún un, gbogbo wọn dúdú, owó wọn sì rọrùn. Bíríkìlà mú ọ̀kan, ó fẹ́ fi èékánná ha etí rẹ̀ wò. Ọlọ́jà fò dìde lórí àga.

"Háà, ọ̀gá! Ṣé ẹ fẹ́ ba ọjà jẹ́ ni? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ nǹkan yìí? Ṣé wọ́n ń ha fàdákà ni?"

Ojú ti bíríkìlà. Ó rántí ohun tí alágbẹ̀dẹ sọ, ó dá ọwọ́ dúró, ó tún tọrọ àforíjì. Ó sanwó, ó kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ mọ́ àwọn tó wà nínú agolo.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tó tẹ̀ lé e, nǹkan méjì bọ́ sí àsìkò kan náà. Èésú kàn án, owó tó kó níbẹ̀ sì tó láti ra paanu. Ìyàwó rẹ̀ náà bí ọmọbìnrin, ìyá ìyàwó sì ti abúlé dé láti wá máa wẹ ọmọ. Kò pẹ́ tí ọlọ́jà náà fi tún dé, ó gbé bàsíà ńlá kan tó kún fún ṣílè dúdú lọ́wọ́.

"Ọ̀gá, mo gbọ́ pé èésú ti kàn yín. Ẹ kó o wá, kẹ́ ẹ gba gbogbo èyí. Tẹ́ ẹ bá gbé e dé Ìbàdàn, èrè rẹ̀ á kan paanu, á fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ògiri, á sì tún ṣẹ́ kù sápò. Paanu lásán lẹ fẹ́ fi owó yẹn rà? Á dípẹtà ni o. Fàdákà kì í dípẹtà."

Bíríkìlà wo bàsíà náà, ó rí ilé rẹ̀ tó ti parí. Wọ́n ṣe àdéhùn pé ọlọ́jà yóò padà wá ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, nígbà tí àwọn àlejò bá ti lọ.

Ìyàwó rẹ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti orí ẹní tó dùbúlẹ̀ sí pẹ̀lú ọmọ.

"Bàbá ìkókó, owó paanu yẹn náà lẹ fẹ́ kó fún un?"

"Mo máa rí i padà ní ìlọ́po."

"Ó dáa. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá tẹ́ ẹ ti ń rà á lọ́wọ́ wọn, wọ́n máa ń jẹ́ kẹ́ ẹ yẹ ọjà wọn wò. Kí ló dé tó fi jẹ́ pé tirẹ̀ nìkan ni kò ṣeé fọwọ́ kàn?"

"Kí lo mọ̀ nípa fàdákà?" Ó pariwo débi pé ọmọ ta jí. Ìyàwó fi ọmú sí ọmọ lẹ́nu.

Ní ilé tí ìyá ìyàwó ti wá, wọ́n ní bí wọ́n ṣe ń sọ ọmọ lórúkọ. Abọ́ omi ni wọ́n ń gbé sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fún ọmọ lórúkọ yóò kọ́kọ́ ju owó sínú omi náà, kó tó pe orúkọ náà síta. Owó funfun ni wọ́n ń lò nílé tiwọn, wọn kì í lo bébà. Ìyá ń ronú ibi tí òun yóò ti rí owó funfun. Nígbà tó ń gbálẹ̀ lábẹ́ ibùsùn, ìgbálẹ̀ kan agolo bisikíìtì. Ó ṣí i. Inú rẹ̀ dùn púpọ̀ pé àna òun ti pèsè sílẹ̀ láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún un. Ohun kan ló kù díẹ̀ káàtó, gbogbo owó náà ló dúdú, kò sì sí ẹni tó ń ju ohun ìdọ̀tí sínú omi ọmọ tuntun. Ìyá bá gé ọsàn wẹ́wẹ́, ó bu eérú, ó gbé àpótí ìjókòó sẹ́yìnkùlé, ó sì fọ gbogbo wọn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìsọmọlórúkọ ni. Bíríkìlà ti ibi iṣẹ́ dé, ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, ó bá àna rẹ̀ lórí àpótí. Agolo rẹ̀ wà nílẹ̀, ó ṣófo. Àwọn ṣílè wà nínú àwo, wọ́n ń tàn.

"Bàbá ìkókó, ẹ káàbọ̀. Ẹ mà kú ìpèsè o! Ẹ wò wọ́n. Ọmọ mi yìí ni mo máa bá wí, tó jẹ́ kí owó ọkọ rẹ̀ dọ̀tí tó báyìí."

Orí bíríkìlà gbóná. Gbogbo obì tí kò jẹ, gbogbo ẹmu tí kò mu, gbogbo ọjọ́ orí tó wà lára owó wọ̀nyẹn, wọ́n ti bá omi ọsàn lọ. Ó la ẹnu. Ṣùgbọ́n àna rẹ̀ ló wà níwájú rẹ̀. Èwo ni ọkùnrin inú wa tí yóò jágbe mọ́ ìyá ìyàwó rẹ̀, ẹni tí ọṣẹ tó fi wẹ ọmọ rẹ̀ kò tíì gbẹ lọ́wọ́? Kò lè pariwo. Kò sì lè yí ẹ̀yìn padà kó lọ, àfojúdi ni. Ohun tó kù tó lè ṣe ni ohun tí wọ́n ti fi kọ́ ọ láti kékeré. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ ṣeun, mà." Ọpẹ́ náà há a lọ́fun.

Ibi tó dọ̀bálẹ̀ sí, ojú rẹ̀ àti àwo náà dọ́gba. Nígbà tí ẹnu kò rí iṣẹ́ ṣe, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í wò. Ó rí i pé àwọn owó náà kò jọ ara wọn. Èyí tó pọ̀ jù funfun nini. Mẹ́ta pupa rẹ́súrẹ́sú.

Ìyá rí ibi tó ń wò. "Àwọn mẹ́ta yẹn ló fún mi ní wàhálà. Bí mo ṣe ń fọ̀ wọ́n ni funfun wọn ń bá ọsàn lọ. Ṣé ẹ ò rí i pé idẹ ni? Abọ́ ìyá mi ló rí báyìí."

Idẹ ni lóòótọ́. Wọ́n ti rẹ wọ́n sínú omi fàdákà, wọ́n sì ti sọ wọ́n di dúdú kí wọ́n lè jọ àgbàlagbà. Àwọn mẹ́ta tó rà lọ́wọ́ ọlọ́jà ni. Èyí tó rí nínú erùpẹ̀, àti àwọn tó fi sùúrù rà lọ́wọ́ àwọn ìyá arúgbó lẹ́yọ lẹ́yọ, fàdákà ni wọ́n dé inú.

Bíríkìlà dìde, ó gbọn eruku àyà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tún dọ̀bálẹ̀.

"Ìyá, ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun gan-an ni. Olúwa kò ní jẹ́ kí ọwọ́ yín ó rọ."

"Nítorí ọsàn wẹ́wẹ́ náà? Ẹ̀ẹ̀mejì? Àna mi, ẹ dìde jàre, ẹ wá jẹun."

Ó wọlé lọ bá ìyàwó rẹ̀. Ó jókòó sétí ẹní. Ó ní, "Ohun tí o sọ fún mi lọ́jọ́sí, òótọ́ ni. Ìwọ lo kọ́kọ́ rí i. Mo dúpẹ́, má bínú."

Ìyàwó wo ojú rẹ̀ títí. "Ta ni? Èmi? Kí lèmi mọ̀ nípa fàdákà?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín débi tí ìyá fi béèrè láti ẹ̀yìnkùlé pé kí ló dé.

Ọjọ́ kejì, wọ́n gbé abọ́ omi kalẹ̀. Ìyá ju ṣílè funfun kan sí i, ó pe orúkọ tirẹ̀. Nígbà tó kan bàbá ọmọ, ó ju èyí tó rí nínú erùpẹ̀ sí i, ó ní, "Adúpẹ́." Àwọn ẹbí ṣe àmín.

Àwọn àlejò lọ tán, ọlọ́jà dé. Bíríkìlà gbé ṣílè pupa mẹ́ta náà sí i lọ́wọ́. Ọlọ́jà pariwo pé wọ́n ti ba ọjà òun jẹ́, wọ́n ti fọ̀ ọ́. Bíríkìlà kò bá a jà. Ó mú ọsàn wẹ́wẹ́ kan, ó là á sí méjì, ó gbé e síwájú rẹ̀.

"Ẹ bá mi fọ àwọn tó wà nínú bàsíà yìí. Èyí tó bá ṣì funfun, màá rà á ní iye tẹ́ ẹ bá pè é."

Ọlọ́jà wo ọsàn, ó wo ojú rẹ̀. Ó bo bàsíà rẹ̀, ó gbé e, ó sì lọ.

Níbí ni Bàbá Oyèkànmí ti yíjú sí ọkùnrin tó wá fẹjọ́ sùn.

Ó ní: Ìwọ ọkọ ìyàwó, èmi kò sọ pé gbogbo ìbéèrè ìyàwó rẹ ló tọ̀nà. Ìyá yẹn kò mọ ohun tó ń fọ̀. Ó tilẹ̀ dín owó àwọn ojúlówó náà kù, nítorí àwọn ará Ìbàdàn kò ní san iye tí wọn ì bá san mọ́. Ṣùgbọ́n kíyè sí i. Ọgbọ́n ọkùnrin náà lọ́jọ́ tó dọ̀bálẹ̀ kò ju ọgbọ́n rẹ̀ lọ́jọ́ tó pariwo lọ. Ohun tí ìyá fi han án, ìyàwó rẹ̀ ti sọ fún un ṣáájú. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé kò lè jágbe mọ́ ìyá.

Nígbà tí o bá délé lónìí, tí ó bá tún bi ọ́ ní ìbéèrè, ṣe bí ẹni pé ìyá rẹ̀ ló wà níwájú rẹ. Kọ́kọ́ dúpẹ́ ná, bí ọpẹ́ náà tilẹ̀ há ọ lọ́fun. Lẹ́yìn náà kí o wá wo ohun tó fọ̀. Bí ó bá jẹ́ fàdákà lo dáwọ́ lé, ọsàn wẹ́wẹ́ rẹ̀ kò ní sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Bí ó bá sì jẹ́ idẹ, ta ló tún fẹ́ràn rẹ tó ẹni tó jẹ́ kí o mọ̀, nígbà tí owó paanu ṣì wà lọ́wọ́ rẹ?

Bíríkìlà yẹn fi owó èésú rẹ̀ ra ohun tó tìtorí rẹ̀ dá a. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹta ọdún 1983, ni wọ́n kan èyí tó kẹ́yìn nínú paanu ilé náà.