Ẹni Tó Tẹ̀lé Ọkọ̀ Ara Rẹ̀

Ọkùnrin kan wà tí kì í wo ẹ̀yìn. Awakọ̀ akẹ́rù ni. Bó bá ti ṣáná sí ọkọ̀ rẹ̀, èéfín á bo ojú títì, àwọn adìyẹ á rò pé ilẹ̀ ti ṣú, wọn á wọlé lọ sùn. Àwọn ará ìlú kígbe títí. Ó ní, "Iwájú ni mo jókòó sí, èmi ò rí nǹkan kan."

Alága ìjọba ìbílẹ̀ wá ṣòfin. Kí onímọ́tò tó tún ìwé ọkọ̀ rẹ̀ gbà, ẹlòmíràn ni yóò wa ọkọ̀ náà dé ìlú kejì, ẹni tó ni ín yóò sì gun ọ̀kadà tẹ̀lé e. Ojú alága pọ́n bí ẹyin ọ̀pẹ lọ́jọ́ tó kéde rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ gun ọ̀kadà tẹ̀lé ọkọ̀ tirẹ̀ nínú èéfín.

Awakọ̀ yìí rẹ́rìn-ín. Ìlú kejì náà ló ti fẹ́ lọ rí ìyá àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ìyá náà sì ti ní bí ojú ọkùnrin náà kò bá tẹ́ òun lọ́rùn, òun ò fọmọ fún un. Ó wọ funfun báláú, ó gun ọ̀kadà.

Wọn ò tíì rìn jìnnà tó fi ń wúkọ́. Ó gbàgbé ara rẹ̀, ó pariwo, "Ta ló ni ọkọ̀ burúkú yìí? Ṣé kò níyàá ni?"

Ọlọ́kadà tó gbé e ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó níyàá. Ìyàwó ni kò tíì ní."

Ìyá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, eléèédú. A ò ra èédú lónìí, àna là ń retí."

Ó dọ̀bálẹ̀. "Èmi ni àna, Mà."

Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Wọ́n bu omi fún un, ó bọ́jú. Ìyá wò ó dáadáa. "Ojú yìí dára. Ta ló wá ṣe ọ́ báyìí?"

Ọkùnrin náà ní, "Ọkọ̀ mi ni, Mà."

"Ó dáa. Lọ tún un ṣe, kí o padà wá gbé ìyàwó rẹ."

Ọkọ̀ náà ló gbé ìyàwó wọ̀lú. Àwọn adìyẹ ń jẹ̀ lọ, wọn ò tilẹ̀ gbójú sókè.

Ìwọ tí mò ń bá sọ̀rọ̀, wọ́n ní ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Lójú títì, ẹlòmíràn ló ń tọ̀, àfi bí òfin bá dá a padà sọ́dọ̀ ẹni tó dà á. Bí ìjọba bá ní kí o wá fi ọkọ̀ rẹ hàn, má wá ẹni tí yóò bá ọ bẹ̀ wọ́n. Kọ́kọ́ tẹ̀lé ọkọ̀ náà wò. Kí o sì wọ funfun.