Koríko Olókun àti Àwọ̀n Orímisàn

Ebi ló gbé Ẹniayéwù dé iwájú ẹni tí ń wádìí ọ̀rọ̀. Oṣù kẹta rèé tí àwọ̀n ń gòkè lófìfo ní Etí-Ìgbì, abúlé apẹja tí wọ́n kọ́ ilé rẹ̀ sórí òpó létí òkun. Ẹja tí wọ́n yan sórí àjà ti tán. Àwẹ̀ró, ọmọbìnrin Ẹniayéwù tó kéré jù, kò lè sunkún mọ́; ó kàn ń wo ojú ìyá rẹ̀ ni.

Gbogbo abúlé ń béèrè ohun tó lé ẹja lọ. Ẹniayéwù mọ̀ ọ́n, kò sì lẹ́nu láti sọ.

Níwájú ẹnu odò, níbi tí òkúta wà lábẹ́ omi, koríko kan ń hù níbẹ̀. Bí oòrùn bá tàn wọ inú omi, koríko náà á mú àwọ̀ aró. Bí ìgbì bá mì ín, á di àwọ̀ ewé, á pupa bí osùn, á tún di elésè àlùkò kí ènìyàn tó ṣẹ́jú. Bí òṣùmàrè ṣe ń rí lójú ọ̀run lẹ́yìn òjò, bẹ́ẹ̀ ló rí nísàlẹ̀ omi. Inú rẹ̀ ni ẹja ń yé sí, abẹ́ rẹ̀ ni ọmọ ẹja ń sá sí. Àwọn àgbà pè é ní aṣọ Olókun, wọn a sì máa yí ọkọ̀ wọn gba ibòmíràn.

Orímisàn, àbúrò Ẹniayéwù, ọmọ ìyá rẹ̀, ló mú ọ̀rọ̀ náà wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó ní ẹja ibẹ̀ pọ̀ rẹpẹtẹ, koríko nìkan ni kò jẹ́ kí àwọ̀n ráyè. Àwọn méjèèjì mú àdá, wọ́n mòòkùn wọnú omi, wọ́n gé e fún ọjọ́ méje. Ẹja tí wọ́n kó fẹ́rẹ̀ẹ́ ri ọkọ̀. Ṣùgbọ́n bí omi ṣe ń gbẹ lára koríko tí wọ́n gbé wá sókè, bẹ́ẹ̀ ni dídán rẹ̀ ń kú, títí ó fi dúdú, tó rọ bí àkísà, tó sì ń rùn. Wọ́n dà á sórí iyanrìn. Láti ọ̀sẹ̀ kejì ni ẹja ti kó kúrò ní Etí-Ìgbì.

Nígbà tí ojú Àwẹ̀ró jìn wọnú, Ẹniayéwù fa àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n tọ Yèyé Ọmọ́lókun lọ. Arúgbó obìnrin ni, owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún ló fi ń wádìí ọ̀rọ̀. Ó da ẹyọ sórí atẹ. Mẹ́rin ṣíjú, méjìlá dojú bolẹ̀.

"Ìrosùn ló jáde," ó wí. "Olókun ń sọ̀rọ̀. Ta ló gé aṣọ rẹ̀ nínú yín?"

Ẹniayéwù dọ̀bálẹ̀. "Àwa méjèèjì ni, Yèyé. Ebi kò sì pa wá nígbà yẹn."

"Ẹ óò rúbọ. Ẹyẹlé funfun kọ̀ọ̀kan, aṣọ àlà kọ̀ọ̀kan. Kí olúkúlùkù sun àwọ̀n tó fi kó ẹja níbẹ̀, kó da eérú rẹ̀ sínú òkun. Ẹ kò sì gbọdọ̀ dẹ àwọ̀n kankan síbẹ̀ mọ́ títí koríko náà yóò fi hù tán."

Orímisàn gbé orí sókè. "Yèyé, ọdún méjì ni mo fi hun àwọ̀n yẹn. Kí ni kí n máa fi bọ́ ìyàwó mi?"

"Mo gbọ́ ọ. Ohun tí wọ́n béèrè náà nìyẹn."

Ẹniayéwù béèrè ní tirẹ̀: "Bí mo bá rú u, ṣé ọmọ mi á yè?"

Ìyá arúgbó náà wò ó. "Ẹyọ kò sọ ìyẹn fún mi. Mi ò sì ní parọ́ fún ọ."

Ẹniayéwù rúbọ bẹ́ẹ̀ náà. Ó sun àwọ̀n rẹ̀ létí omi, ó sì dúró tì í títí ó fi jó tán. Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn náà ni Àwẹ̀ró kú.

Orímisàn bá wọn gbẹ́ ilẹ̀. Nígbà tí wọ́n parí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ sun àwọ̀n, ọmọ sì kú. Kí lẹ wá rí gbà?" Orímisàn pa ẹyẹlé, ó tẹ́ àlà, ṣùgbọ́n àwọ̀n jíjá tí bàbá wọn fi sílẹ̀ ló jù síná. Ó gbé tirẹ̀ pamọ́ sórí àjà.

Ọdún kan gorí èyí. Akàn tí Ẹniayéwù àti aya rẹ̀ ń kó nínú ẹrẹ̀ ni wọ́n ń jẹ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bó ti ń tukọ̀ kọjá, ó bojú wo ìsàlẹ̀, ó rí koríko tuntun tí kò gùn ju ìka lọ, tí ń yí àwọ̀ padà. Ọmọ ẹja ń yí i ká. Ó sunkún nínú ọkọ̀. Ó wá ṣe ohun tí ọmọ ìyá máa ń ṣe: ó sáré lọ sọ fún àbúrò rẹ̀.

"Ó ti ń padà, Orímisàn. Jẹ́ ká ní sùúrù sí i."

Ohun tí Orímisàn gbọ́ ni pé ẹja ti dé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé àwọ̀n rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, òun àti Mosúnmọ́lá, ìyàwó rẹ̀, tukọ̀ lọ sórí òkúta náà. Àwọ̀n há mọ́ òkúta. Ìgbì ńlá sì ń bọ̀.

"Ẹ gé okùn náà!" ni Mosúnmọ́lá ń pariwo. "Ẹ jẹ́ kó lọ! Ẹ gé e!"

Kò gé e. Ó ń fà á. Ìgbì dojú ọkọ̀ dé, àwọ̀n sì wé mọ́ obìnrin náà nísàlẹ̀ omi. Ìgbà yẹn ni Orímisàn tó yọ ọ̀bẹ. Nígbà tí Ẹniayéwù tó gbọ́ ariwo fi máa tukọ̀ débẹ̀, àbúrò rẹ̀ ṣì ń mòòkùn, ó ń yọ, ó ń gé àwọ̀n sí wẹ́wẹ́, Mosúnmọ́lá kò sì mira mọ́. Koríko kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń di aró, ó ń di pupa, bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Létí omi, Orímisàn di ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú. "Ó ní kí n gé e," ó ń wí. "Ẹ̀gbọ́n, ó ní kí n gé e."

Lọ́dún kẹta, koríko bo òkúta tán, ẹja sì padà sí Etí-Ìgbì. Ẹniayéwù hun àwọ̀n tuntun. Aya rẹ̀ bí ọkùnrin, ó tún bí obìnrin, ọkọ̀ rẹ̀ sì di mẹ́ta. Ẹni tó rúbọ ló là bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ kan kò bá a débẹ̀. Orímisàn tó fi ẹbọ ṣe ẹ̀tàn kò kú. Ó ń jẹ, ó ń mu, ó ń dá sùn; àbámọ̀ ló sì ń jí bá.