Irin Tó Ṣẹ́kù Kì Í Ṣe Èènì

Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀yin ènìyàn mi, kí n fi ìtàn kan dá yín lára yá. Àwọn àgbà ilẹ̀ wa a máa sọ pé: "Irin tó ṣẹ́kù kì í ṣe èènì, ọ̀nà ni yóò sọ ọ́ lórúkọ." Kò sẹ́ni tí kì í pa á lówe. Ṣé ẹ mọ gbòǹgbò rẹ̀?

Oyèwùsì ará Ìdí-Ẹmi ní alùpùpù kan. Ó jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó bá táyà ẹ̀yìn rẹ̀ tó ti ya, tó tẹ́ pẹrẹsẹ sílẹ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n fẹ́ sọ ọmọ Tinúadé, àbúrò ìyàwó rẹ̀, lórúkọ ní Òkè-Àgbọn. Ọdún mẹ́sàn-án ni Tinúadé fi wá ọmọ náà. Láti ọdún mẹ́sàn-án náà ni orúkọ tí ìyá wọn yóò fún un ti wà lẹ́nu rẹ̀. Oyèwùsì ló sì fi ẹnu ara rẹ̀ ṣèlérí pé òun yóò gbé Màmá, ìyá ìyàwó rẹ̀, débẹ̀ kí wọ́n tó ṣí ìgò oyin.

Gbádébọ̀ tó ń pààrọ̀ táyà kò jìnnà. Ọ̀nà nìkan ló là wọ́n láàárín. Ṣùgbọ́n Gbádébọ̀ ti pa Oyèwùsì láyò lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́jọ́ ọjà, ó sì ti ròyìn rẹ̀ fún ìyàwó Oyèwùsì. Ẹni tó pani láyò kọ́ là ń gbé táyà lọ bá. Oyèwùsì mú táyà tuntun tó fi kọ́ sára ògiri, ó yá ṣíbí ọbẹ̀ ìyàwó rẹ̀ méjì, ó jókòó sí ẹ̀yìnkùlé.

A kì í purọ́ mọ́ni, ọwọ́ rẹ̀ yá. Ó tú nọ́ọ̀tì, ó fa irin gbọọrọ àárín yọ, ó fi ìdí ṣíbí yọ táyà àtijọ́, ó ki tuntun bọ̀ ọ́, ó fẹ́ ẹ títí ó fi le. Nígbà tó dá ẹsẹ̀ alùpùpù náà padà tó sì fún nọ́ọ̀tì pinpin, òrùka irin kan tó nípọn ṣẹ́kù sórí àpò tó tẹ́ sílẹ̀.

Màmá ti múra tán, ó jókòó sórí àpótí, ó ń wò ó.

"Bàbá Ẹnitàn, kí ni tọ̀hún un?" ó bi Oyèwùsì.

"Èènì ni, mà. Àwọn tó ṣe alùpùpù a máa fi díẹ̀ lé e, bí ìyá onígàrí."

"Wọ́n mà láàánú o."

"Wọ́n láàánú, mà."

"Ṣé kí a ké sí Gbádébọ̀ kó bá wa wò ó?"

"Gbádébọ̀ kò tíì jí, mà."

Gbádébọ̀ wà ní òdìkejì ọ̀nà, ó ń rin pákò. Màmá na ọwọ́ sórí àpò náà. Ó mú òrùka irin náà, ó so ó mọ́ ìṣẹ́tí ìró rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń kọjá, Gbádébọ̀ yọ pákò lẹ́nu. "Ẹ̀gbọ́n, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yín ń jó."

"Ibi ìsọmọlórúkọ là ń lọ," Oyèwùsì dá a lóhùn. "Jẹ́ kó jó."

Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ odò, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yà sí ọ̀tún, alùpùpù yà sí òsì, àwọn méjèèjì sì jókòó sínú pápá. Kò sẹ́ni tó farapa. Màmá gbọn koríko kúrò lára, ó tú ìṣẹ́tí ìró rẹ̀, ó na irin náà sí i.

"Àna mi, ẹ gba èènì yín."

Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn dé Òkè-Àgbọn. Wọ́n ti lá oyin tán. Ọmọ ti ní orúkọ mẹ́fà, Fẹ̀hìntọlá tí ìyá bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ló ṣáájú. Màmá ki ọwọ́ bọ omi, ó ní Rẹ̀mílẹ́kún ni tòun. Ó di ìkeje. Òun nìkan ló fi ń pè é títí ó fi wọ káà ilẹ̀.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ẹnìkan bá ṣe iṣẹ́ láì bi ẹni tó mọ̀ ọ́n, tó wá ń fi ọ̀rọ̀ dídùn bo ohun tí kò yé e, àwọn àgbà á wò ó, wọ́n á ní irin tó ṣẹ́kù kì í ṣe èènì. Ọ̀nà ni yóò sọ ọ́ lórúkọ.

Fẹ̀hìntọlá fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi. Ó ti di ìyá ọlọ́mọ. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, mo pè é ní Rẹ̀mílẹ́kún. Ó dáhùn, ó ní láti ìgbà tí Màmá ti lọ, kò sẹ́ni tó tún fi pe òun.