Ìdí Tí Awakọ̀ Òkè Ìdagẹ̀rẹ́ Fi Ń Fi Ẹ̀yìn Ọwọ́ Kan Wíìlì

Nígbà kan rí, kò sí lọ́rì tí í dúró lórí Òkè Ìdagẹ̀rẹ́. Bí awakọ̀ bá ti gun òkè náà tán, yóò dorí ọkọ̀ kọ ìsàlẹ̀, yóò máa lọ. Wíìlì gbóná ni o, wíìlì tutù ni o, ẹnikẹ́ni kì í sọ̀ kalẹ̀ wò ó.

Láyé ìgbà náà, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Ògúnmọ́dẹdé. Ó ní lọ́rì ògbólógbòó kan, onípákó. Ọmọ́táyé ìyàwó rẹ̀, tó bí Fadérera fún un, a máa mọ ìkòkò. Bí ìkòkò bá ti jinná, Ògúnmọ́dẹdé a kó wọn sínú lọ́rì, a gbé wọn gba orí òkè kọjá lọ sí ìlú tó wà ní ìsàlẹ̀ ní òdìkejì. Ọmọ́táyé a jókòó tì í níwájú.

Bíréèkì lọ́rì náà le bí òkúta. Kí ó tó mú, Ògúnmọ́dẹdé á fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde dúró lórí rẹ̀. Nígbà tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ó tọ Lásísì lọ. Lásísì ni mẹkáníìkì ìlú wọn, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré sì ni.

"Lásísì, orúnkún mi ti ń kú lọ. Bá mi wá nǹkan ṣe sí bíréèkì yìí."

Lásísì tú búsítà kan lára ọkọ̀ mìíràn tó ti kú. Agolo ńlá pẹrẹsẹ kan ni. Ẹ́ńjìnnì ni í fún un lágbára, òun náà a sì máa bá ẹsẹ̀ awakọ̀ ti bíréèkì. Lásísì dè é mọ́ lọ́rì, ó wá so másítà, ibi tí ọ́ìlì bíréèkì ń gbé, mọ́ ọn níwájú.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dán an wò, Ògúnmọ́dẹdé kàn fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì ni, lọ́rì dúró. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, lọ́rì kò fẹ́ sáré mọ́. Ó ń ṣe bí ẹni tí wọ́n di aṣọ rẹ̀ mú lẹ́yìn. Bí Ògúnmọ́dẹdé bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, bíréèkì kò ní tú sílẹ̀ tán. Àwọn wíìlì ń gbóná.

Lásísì ní bóyá ṣúù bíréèkì, èyí tó ń di wíìlì mú, ló fún jù. Ó dẹ̀ ẹ́. Ó sàn díẹ̀, ó tún padà. Ó ní bóyá rọ́bà tí ọ́ìlì ń gbà kọjá ló ti wú nínú. Ó pààrọ̀ rẹ̀. Ìyẹn náà kò ràn án.

"Gbé e sílẹ̀ fún mi," ni Lásísì wí. "Mo fẹ́ tú búsítà yẹn wò."

"Bí o bá tú u, o ò ní dá a padà mọ́. Orúnkún mi kò lè gba ìyà àtijọ́ yẹn. Jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé ìkòkò wọ̀nyí dé ibi tí wọ́n ń lọ."

Lásísì gbà kó máa lọ. Òun náà kò fẹ́ kó jẹ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ òun ló bàjẹ́.

Ìgbà ọyẹ́ ni. Àwọn ọdẹ ń jó igbó, èéfín sì bo ẹ̀gbẹ́ òkè. Lọ́rì ń gùn ún pẹ̀lú ìnira, àfi bí aboyún.

"Bàbá Fadérera, nǹkan ń jóná," ni Ọmọ́táyé wí.

"Igbó ni."

"Òórùn igbó kọ́ nìyí. Ó ń rùn bíi rọ́bà."

"Mo ní igbó ni, Ìyá Fadérera."

Wọ́n dé orí òkè. Ọmọ́táyé tún ní, "Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ ká wò ó."

"Ìsàlẹ̀ la ó ti dúró," ni ọkọ rẹ̀ dáhùn.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Ó tẹ bíréèkì, ó mú díẹ̀. Ó tún un tẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ bá a lọ sílẹ̀ pátápátá bí ẹni tẹ omi. Ooru wíìlì ti se ọ́ìlì bíréèkì hó. Ó wá jíà tó kéré, jíà kò wọlé.  Ọmọ́táyé di apá aṣọ ọkọ rẹ̀ mú.

Apá òsì ni lọ́rì fi gbá àpáta, níbi tí obìnrin náà jókòó sí. Ìkòkò ń fọ́ lẹ́yìn wọn bí ẹni pé kò ní tán. Nígbà tó tán, Ògúnmọ́dẹdé pe ìyàwó rẹ̀. Kò dáhùn.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Lásísì lọ síbi àfọ́kù lọ́rì náà. Ó fi jáàkì gbé wíìlì kan tó ṣẹ́kù. Ó yí i, kò yí. Ó dẹ nọ́ọ̀tì tó so másítà mọ́ búsítà, ó fa másítà síwájú díẹ̀. Ó tún wíìlì yí, ó yí fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́.

 Lẹ́yìn náà ló lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí ẹní, níbi tó dùbúlẹ̀ sí pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó kán.

"Ọ̀pá kékeré tó wà láàrin búsítà àti másítà ló gùn jù. Ohun tó fi gùn jù kò ju bí èékánná ṣe nípọn lọ. Ṣùgbọ́n ó ń ti bíréèkì nígbà gbogbo, bí ẹni pé ẹsẹ̀ rẹ kò kúrò lórí rẹ̀. Èmi ni mi ò wọ̀n ọ́n."

"O ní kí n gbé e sílẹ̀," ni Ògúnmọ́dẹdé wí. "Ìyá Fadérera náà ní kí n dúró."



Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ jinná, tó ń fi ọ̀pá rìn, Ògúnmọ́dẹdé lọ pa àtíbàbà sórí òkè. Bí lọ́rì bá gòkè, òun á dúró sí àárín ọ̀nà.

"Sọ̀ kalẹ̀. Fọwọ́ kan wíìlì rẹ."

Awakọ̀ kan fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án, awọ rẹ̀ bó. Ògúnmọ́dẹdé da omi sí i lọ́wọ́.

"Ẹ̀yìn ọwọ́ ni. Àtẹ́lẹwọ́ lo máa fi di ọkọ̀ rẹ mú."

Àwọn kan pè é ní wèrè. Àwọn mìíràn ṣe é nítorí kí ó lè kúrò lọ́nà. Ojoojúmọ́ ló ń wà níbẹ̀, lójò àti lọ́yẹ́, títí ikú fi mú un lọ.

Lẹ́yìn tí wọ́n sin ín, lọ́rì kan gòkè wá. Kò sí ẹnikẹ́ni lọ́nà. Síbẹ̀, awakọ̀ náà pa ẹ́ńjìnnì, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan wíìlì rẹ̀ yí ọkọ̀ ká.

Láti ọjọ́ náà ni gbogbo awakọ̀ fi ń dúró lórí Òkè Ìdagẹ̀rẹ́ kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀. Bí wíìlì kan bá gbóná, wọ́n á jókòó tì í títí yóò fi tutù, èrò ọkọ̀ kì í sì í kán wọn lójú.